Ẹ má ra àpótí gíláàsì àti ẹja lọ́jọ́ kan náà

Ìtàn náà kì í yàtọ̀ púpọ̀. Ọmọ ní òun fẹ́ ẹja tí òun á máa wò nínú ilé. Bàbá ra àpótí gíláàsì, ó ra ẹja mẹ́wàá mọ́ ọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti da omi sí i, wọ́n ti kó ẹja sínú rẹ̀, gbogbo ilé ń wò ó bíi tẹlifíṣọ̀n. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, ẹja ti ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan á ní ẹja aláìsàn ni wọ́n tà fún àwọn, àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ ayé ni.

Èrò tèmi ni pé aráyé kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìkánjú ló pa ẹja wọ̀nyẹn.

Àwa ará agbègbè Tchaourou mọ ẹja. Odò Okpara kò jìnnà sí wa, odò Ouémé sì ń kọjá ní Bétérou. Bóyá ìdí nìyẹn tí a fi rò pé ẹja kò nílò ju omi lọ. Ṣùgbọ́n odò gbòòrò, ó sì ń ṣàn. Nínú àpótí gíláàsì, ibi tí ẹja ti ń jẹun náà ló ti ń ṣu, ibẹ̀ náà ló sì ti ń mí.

Ẹ̀gbin ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù máa ń di amóníà, oró gidi sì ni fún ẹja. Omi lè mọ́ gaara kí oró yìí ti kún inú rẹ̀. Bakitéríà kan ló ń sọ amóníà di nítíráìtì, tí òun náà jẹ́ oró. Òmíràn á wá sọ nítíráìtì di nítíréètì, tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Nínú odò, àwọn bakitéríà yìí ti wà lára òkúta àti iyanrìn. Nínú àpótí tuntun, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ooru ilẹ̀ wa tún ń dá kún un: bí omi ṣe ń gbóná sí i ni oró amóníà ń le sí i, tí afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi sì ń dínkù.

Nítorí náà, ẹ ra àpótí lóṣù yìí, kí ẹ ra ẹja lóṣù tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi máa ṣiṣẹ́, kí ẹ sì máa ju oúnjẹ ẹja díẹ̀ sínú omi náà kí ó máa jẹrà, kí bakitéríà lè rí nǹkan jẹ. Bí omi SONEB lẹ ń lò, ẹ rántí pé kílórìnì wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ pọn ọ́n sínú garawa tí kò ní ìdérí fún ọ̀sán kan àti òru kan. Ẹja méjì tàbí mẹ́ta ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n lè jẹ tán ní ìṣẹ́jú méjì ti tó. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ pààrọ̀ ìdá mẹ́rin omi náà, ẹ má da gbogbo rẹ̀ nù. Ẹ má fi ọṣẹ fọ fóòmù inú ẹ̀rọ náà, torí ibẹ̀ ni bakitéríà ń gbé; omi tí ẹ bù kúrò nínú àpótí ni kí ẹ fi ṣàn án. Bí iná bá lọ, ẹ máa fi ife bu omi náà, kí ẹ máa dà á padà láti òkè, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀.

Oníṣòwò lè bi mí pé ta ló fẹ́ dúró fún oṣù kan gbáko. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹja rẹ̀ bá yè yóò padà wá ra oúnjẹ, yóò sì tún ra ẹja sí i. Ẹni tó bá da òkú ẹja mẹ́wàá nù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní padà wá mọ́. Kí ẹ̀yin tí ẹ ń tà á máa sọ òótọ́ yìí fún oníbàárà kó tó sanwó.

Ní ti àwa òbí, ẹ má jẹ́ kí ikú ẹja jẹ́ ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ máa rí kọ́ nínú àpótí náà. Ẹ jẹ́ kó kọ́ sùúrù níbẹ̀ ná.