Ẹ Jẹ́ Ká Máa Ṣe Iṣẹ́ Àṣetiléwá Níbi Tí Olùkọ́ Wà

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ kíláàsì orí WhatsApp tí à ń ṣe nígbà ìsinmi ni mo fẹ́ sọ. Mi ò ní ká fòpin sí i o. Ohun tí mo ń sọ ni pé à ń ṣe é sódì.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Aago mẹ́jọ alẹ́ la máa ń pé jọ. Olùkọ́ á máa tẹ àlàyé, àwa náà á máa kà á. "Ṣé ó yé yín?" Gbogbo wa á dáhùn pé "Yes sir," títí kan ẹni tí kò tíì ka ìlà kan. Tó bá di aago mẹ́sàn-án, wọ́n á fún wa níṣẹ́ àṣetiléwá, ó dọ̀la. Ìgbà yẹn gan-an ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀, torí pé ìdí quadratic equation kejì ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń há, kò sì sẹ́ni tá a máa bi nílé.

Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń hun aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn á mọ̀ pé ọ̀gá kì í fi wákàtí kan sọ̀rọ̀ òwú fún ọmọ iṣẹ́, kó wá ní kó lọ dá hun ún nílé. Ìdí òfì lọmọ ń jókòó sí. Tí òwú bá já, ọ̀gá wà nítòsí tó máa fi bí wọ́n ṣe ń so ó hàn án.

Àwọn Òyìnbó méjì kan rí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2007, Jonathan Bergmann àti Aaron Sams, olùkọ́ kẹ́mísírì nílé ẹ̀kọ́ girama Woodland Park ní Colorado, Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹ̀kọ́ wọn sínú fídíò nítorí àwọn ọmọ tí eré ìdárayá máa ń gbé kúrò ní kíláàsì. Wọ́n wá rí i pé ìgbà tí iṣẹ́ bá há ọmọ lọ́wọ́ ló nílò olùkọ́ jù, kì í ṣe ìgbà àlàyé. Ni wọ́n bá yí i padà: àlàyé di ti ilé, iṣẹ́ ṣíṣe di ti kíláàsì. Flipped classroom ni wọ́n ń pè é.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á sọ pé Ṣakí kọ́ ni Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni. Fídíò á jẹ dátà tán, iná lè má wá, àwọn kan ń bá bàbá wọn pín fóònù kan ṣoṣo, àwọn míì ò sì ní rárá. Àmọ́ ṣé dandan ni kó jẹ́ fídíò ni? Ohùn ìṣẹ́jú márùn-ún àti fọ́tò ojú ìwé kan tó. Tó bá ti dé ní ọjọ́ méjì ṣáájú, ẹni tó ní dátà á gbà á, á fi Bluetooth fún ẹni tí kò ní, ẹni tí kò ní fóònù á dà á kọ. Ní 2013, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde fáwọn ọmọ girama àgbà. Ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò tó ti kọjá wà nínú ẹ̀, èèyàn ò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì láti kà á. Ohun tó wù mí nínú ẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe tábúlẹ́ẹ̀tì ọ̀hún.

Wákàtí alẹ́ á wá di ti ìbéèrè. Kí kálukú ya fọ́tò ibi tó há sí, kó fi sórí gúrúùpù. Olùkọ́ á rí i fúnra wọn pé àmì minus kan náà ló ń da èèyàn mẹ́wàá láàmú.

Àwa ọmọ kíláàsì gan-an ni mò ń bẹ̀rù. Àwọn kan ò ní gbọ́ ohùn yẹn. Tí olùkọ́ bá torí wọn tún gbogbo ẹ̀ kọ́, àwa tó gbọ́ ò ní gbọ́ mọ́ lọ́jọ́ mìíràn. Tí wọ́n bá sì fi ìyà sí i, ẹni tí kò ní fóònù ló máa jìyà ọ̀lẹ. Lójú tèmi, kẹ́ni tí kò gbọ́ ọ lọ gbọ́ ọ nígbà náà, káwa tó kù máa bá iṣẹ́ lọ.

WAEC ò jìnnà sí wa mọ́. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò nìkan dán an wò fún ọ̀sẹ̀ méjì nígbà ìsinmi tó ń bọ̀. Tí kò bá ṣiṣẹ́, èmi náà á padà sí "Yes sir" mi.