Bí Ilẹ̀ Ti Ní Onílẹ̀ Ni Orin Ní Olórin

Kò sí ọlọ́gbọ́n kan tí yóò dédé kó búlọ́ọ̀kù lọ sórí ilẹ̀ ní ìhà Ajah tàbí Ṣàngótẹ̀dó láì kọ́kọ́ béèrè pé, “Ta ni ó ni ín?” Bí owó rẹ̀ ti wù kí ó pọ̀ tó, yóò wá ẹbí tí ó ni ilẹ̀ kàn, yóò gba ìwé, yóò sì pe ẹlẹ́rìí, nítorí ó mọ̀ pé ilé tí a bá kọ́ láìgbàṣẹ lè di àwópalẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ṣùgbọ́n ní àgbègbè kan náà, láti Lẹ́kì títí dé Ajah, nínú àwọn yàrá tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń gba orin sílẹ̀ àti nínú àwọn ilé ìgbafẹ́ tí ẹgbẹ́ olórin ti ń dá àwọn àlejò lára yá ní òpin ọ̀sẹ̀, orin àwọn àgbà ni a ń tún kọ láti àṣálẹ́ títí di òru, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ẹni tí ó ni ín.

Àwọn àgbà kan gbà pé títún orin olórin kọ jẹ́ àmì ọ̀lẹ. Wọ́n ní ẹ̀wù àgbàbọ̀ kì í yẹ ènìyàn, àti pé ẹni tí Elédùmarè fún ní ohùn yẹ kí ó ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ohùn náà sọ. Àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú ní ìdáhùn tiwọn. Wọ́n ní bí omi òjò ni orin rí, ẹni tí ó bá gbé igbá síta ni ó ni ìwọ̀n tí igbá rẹ̀ gbà. Bí a bá fi ojú àṣà wo ọ̀rọ̀ náà, ìhà méjèèjì ni ó ṣì í.

Bí títún orin kọ bá jẹ́ àbùkù, ìjálá ìbá ti parun, ẹ̀sà ìbá sì ti di ohun ìgbàgbé. Ẹnu ọ̀gá ni ọmọ iṣẹ́ ti ń gba ìjálá, ẹnu bàbá ni ọmọ ọ̀jẹ̀ ti ń gba ẹ̀sà. Ohun tí ó yọ wọ́n kúrò nínú olè ni ìbà. Kí oníjàálá tó wọ inú ọ̀rọ̀, yóò júbà ẹni tí ó kọ́ ọ, ìbáà ṣe òkú, ìbáà ṣe ààyè, yóò sì dárúkọ rẹ̀ kí gbogbo agbo gbọ́. Kò tán síbẹ̀. Nínú ìwé tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá ṣe lórí ìjálá ní 1966, ó hàn pé bí ẹnìkan bá ṣi ọ̀rọ̀ sun, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wà ní agbo a máa dá a dúró láti tọ́ ọ sọ́nà. Nítorí náà, gbèsè méjì ni àṣà gbé lé ẹni tí ń tún orin kọ lórí: kí ó dárúkọ ẹni tí ó ni ín, kí ó sì kọ ọ́ bí ó ti yẹ.

Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá nìkan ni èyí ti rí bẹ́ẹ̀. Ní 1998, ẹgbẹ́ olórin Metallica ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn tí jìtá wọn ń bú ramúramù bí kìnnìún nínú irú orin tí a ń pè ní heavy metal, gbé Garage Inc. jáde. Àwo méjì ni, orin àwọn ẹlòmíràn ni ó sì kún inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àìrí orin kọ kọ́ ni, nítorí pé ní 1996 àti 1997 ni wọ́n gbé àwo orin tuntun tiwọn jáde léraléra. Lára àwọn orin tí wọ́n yá ni “Am I Evil?”, èyí tí ẹgbẹ́ Diamond Head ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbé jáde ní 1980. Òkìkí Diamond Head kò tó ti Metallica rárá, síbẹ̀ orúkọ àwọn tí ó ṣẹ̀dá orin náà wà lára àwo. Ọmọ tí ó lówó ju bàbá rẹ̀ lọ kò torí bẹ́ẹ̀ sọ pé òun kò ní bàbá.

Èyí tí ó kan ilẹ̀ wa gan-an ni ti Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Ní 1973, nígbà tí Paul McCartney wá sí Èkó láti gba orin sílẹ̀ ní Àpápá, Fẹlá fi ẹ̀sùn kàn án pé orin adúláwọ̀ ni ó wá jí. Ẹ̀sùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ba Fẹlá lẹ́rù kì í ṣe ohun àsán. Ní 1980, ẹgbẹ́ Talking Heads ti ìlú New York gbé àwo Remain in Light jáde. Ìlù Fẹlá ni ó wà nídìí rẹ̀, àwọn tí ó ṣe é kò sì sẹ́. Ní 2018, Angélique Kidjo, ọmọ bíbí Wídà ní orílẹ̀-èdè Benin, tún gbogbo orin inú àwo náà kọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì pe Tony Allen, onílù Fẹlá àtijọ́, láti wá lu ìlù sí lára wọn. Báyìí ni orin tí ó ti Èkó rìnrìn-àjò lọ sí Amẹ́ríkà ṣe bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ padà wálé. Kidjo kò yí orúkọ àwo náà padà, kò sì fi ẹni tí ó yá a lórin pamọ́. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní mọ̀ pé ohùn Kidjo ni.

Nílé níhìn-ín pẹ̀lú, ní 2013, Victor Ọláìyá àti 2Face Idibia jọ tún orin Ọláìyá tí a mọ̀ sí “Baby Jowo” kọ. Àgbà náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí orin náà kọ́kọ́ jáde wá mọ̀ ọ́n kọ, wọ́n sì mọ ojú ẹni tí ó ni ín kí ó tó papò dà ní 2020.

Ohun tí ó wọ́pọ̀ kò rí báyìí. A ń gba ègbè orin, a ń fi orúkọ olórin sílẹ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ gan-an ni a ń bà jẹ́, bẹ́ẹ̀ èdè Yorùbá kò gba kí a fi ohùn ṣeré. Ẹni tí kò bá mọ ohùn ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń ro oko, yóò sọ ọ́ di ọkọ tí ìyàwó ń gbọ́ oúnjẹ fún, tàbí ọkọ̀ tí ó há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́.

Òfin pẹ̀lú wà lẹ́yìn àṣà. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ tí a ṣe ní Nàìjíríà ní 2022 sọ pé ẹ̀tọ́ lórí orin wà fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó ṣẹ̀dá rẹ̀. Haruna Ìṣọ̀lá, ògbóǹtarìgì olórin àpàlà, kú ní 1983. Àwọn orin tí ó ṣẹ̀dá wà lábẹ́ ààbò títí di òpin 2053. Fẹlá kú ní 1997. Tirẹ̀ di òpin 2067.

Àwọn ọ̀dọ́ a máa ṣàròyé pé bí àwọn bá tọ ẹbí olóògbé lọ, owó tí wọn yóò bù lé àwọn lè ju èyí tí orin náà yóò pa wọlé lọ. Àròyé náà ní òótọ́ nínú. Ìwà àjàgùngbalẹ̀ ni Ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin lé lórí ní 2016. Kò yẹ kí ajogún orin wá hu irú rẹ̀. Ẹni tí ó tún orin bàbá ẹni kọ ń jí orúkọ bàbá ẹni dìde ni. Kí ajogún gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, kí ó má fi gbígbà pa orin náà.

Àwọn ará Lẹ́kì mọ bí ó ti máa ń rí nígbà tí a bá kọ́ ilé tuntun sórí ìtàn ẹlòmíràn. Ní oṣù Keje 1990, ìjọba ológun wó Máròkó palẹ̀, àwọn tí ń gbé ibẹ̀ fọ́n ká. A kó díẹ̀ lára wọn lọ sí Ìlásàn àti Ìkọta. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ń kọjá níbẹ̀ lónìí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti dáná níbẹ̀ rí. Orin tí a gbà tí a kò dárúkọ olórin, Máròkó mìíràn ni a fi ń ṣe. Ìbà kò wọ́n ju orúkọ kan lọ lára àwo, gbólóhùn kan lẹ́nu olórin kí ó tó gbé orin, àti ìwọ̀n owó tí ó tọ́ sí onílé. Ẹni tí ó bá ṣe é yóò kọrin, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀, nítorí pé bí ó pẹ́ bí ó yá, ẹlòmíràn ń bọ̀ wá tún orin tirẹ̀ náà kọ.