Bọ́ílà Ní Òfin, Kóòdù Tiwa Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ bọ́ílà ni mo fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tèmi gan-an ló ń bá wí.

Àgbá irin ńlá ni bọ́ílà. Wọ́n á rọ omi sínú rẹ̀, wọ́n á dáná sí i. Tí omi bá di stíìmù, ìyẹn èéfín omi gbígbóná, àyè tó máa fẹ́ gbà yóò tó ìlọ́po 1,600 ti tẹ́lẹ̀. Irin ò sì fún un láyè. Ẹni tó bá ti fi pressure pot se ẹ̀wà rí mọ ohun tí mò ń wí. Agbára yìí ló fa reluwé láti Èkó dé Ìbàdàn ní 1901. Òun náà ló yí irin tí wọ́n fi gbẹ́ kànga Spindletop ní Beaumont, tí kò jìnnà sí wa ní Houston níbí, tí epo tú jáde níbẹ̀ lóṣù Kìíní ọdún yẹn.

Ṣùgbọ́n bọ́ílà ń pa èèyàn. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹta 1905, ti iléeṣẹ́ bàtà Grover ní Brockton, ìpínlẹ̀ Massachusetts, bú gbàù. Ó la òrùlé kọjá, ilé wó, iná sì sọ. Èèyàn 58 ló kú. Láyé ìgbà náà, etí irin kan ni wọ́n máa ń gbé lé èkejì, kí wọ́n tó fi ìṣó irin gbá wọn pọ̀. Ibi tí irin méjì ti léra yẹn ló ti sán, ojú ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò kò sì lè débẹ̀. Ní 1907, Massachusetts ṣòfin bọ́ílà. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ ASME gbé ìwé ìlànà tiwọn ti 1914 jáde. Code ni wọ́n ń pè é. Ẹ ò rí i, ọ̀rọ̀ kan náà tí àwa náà ń lò!

Nínú gbogbo ohun tó wà lára bọ́ílà àtijọ́, èyí tó wù mí jù ni ihò kékeré kan tí wọ́n fi tánńganran dí. Tí omi bá lọ sílẹ̀ jù, tánńganran á yọ́, stíìmù á tú sórí iná. Ẹni tó ronú kan èyí ti mọ̀ pé ẹni tó ń ṣọ́ iná lè sùn lọ.

Texas ńkọ́? Ní ilé-ẹ̀kọ́ New London, bọ́ílà ni ayàwòrán ilé kọ́kọ́ fẹ́ lò láti mú ilé gbóná. Àwọn aláṣẹ ní rárá, wọ́n fi híta gáàsì 72 síbẹ̀. Nígbà tó di 1937, torí kí owó lè dínkù, wọ́n lọ so páìpù wọn mọ́ gáàsì àjẹkù tí kò ní òórùn. Ó jò sábẹ́ ilé, ẹnikẹ́ni ò gbóòórùn rẹ̀. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kẹta, ó bú. Àwọn tó kú fẹ́ẹ̀ tó 300, ọmọdé ló pọ̀ jù. Ọdún yẹn ni Texas ní kí wọ́n máa fi òórùn sí gáàsì, ó sì ṣòfin pé ẹ́ńjìníà gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń sọ pé, "Sọ́fítíwíà kì í pa èèyàn, jọ̀ọ́." Àbí? Tyler ò jìnnà sí New London rárá. Níbẹ̀, ní 1986, ẹ̀rọ ìtọ́jú jẹjẹrẹ Therac-25 fún aláìsàn méjì ní ìtànṣán tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn méjèèjì kú. Ẹ̀rọ tó ṣáájú rẹ̀ ní ìdènà tí kì í ṣe ti sọ́fítíwíà. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n ní kóòdù á ṣọ́ ọ. Tánńganran yẹn ni wọ́n yọ dànù!

Texas ló kọ́kọ́ gbà, ní 1998, pé ẹ́ńjìníà sọ́fítíwíà lè gbàwé àṣẹ. Ìdánwò rẹ̀ dé ní 2013. Àwọn tó ṣe é ò tó 100, wọ́n bá pa á tì ní 2019. Ojú ló ń tì mí. Mi ò sọ pé kí ẹni tó ń kọ áàpù ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù lọ ṣèdánwò o. Ṣùgbọ́n ẹni tí kóòdù rẹ̀ ń darí páìpù gáàsì, bíréèkì ọkọ̀ tàbí ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, ó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀, kó fọwọ́ sí i.

Ẹ wọ yàrá bọ́ílà ilé ìwòsàn kan ní Houston, ẹ ó rí ìwé àṣẹ ìjọba níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò parí. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan náà, ẹ̀rọ kan ń fi sọ́fítíwíà wọn oògùn sínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn. FDA ti yẹ ẹ̀rọ ọ̀hún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ ẹni tó kọ kóòdù rẹ̀ níbì kankan lára rẹ̀.