Oṣù kan tiwa dà?

Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni gáádì dá mi dúró lẹ́nu géètì iléeṣẹ́ tí mo ti fi ọdún 9 di abọ́ ike sínú páálí n'Íkẹjà. Ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Màmá, orúkọ yín wà níbẹ̀. Ẹ má bínú." Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kí n wọlé mú kúlà oúnjẹ mi, kò gbà. Ọmọbìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló gbé e jáde fún mi nínú ọ̀rá. Ìwé gbélé ẹ náà kò ju ìlà mẹ́ta lọ: ẹ̀rọ tuntun ti dé, iṣẹ́ mi parí lónìí. Owó ọjọ́ tí mo ti ṣe nínú oṣù yẹn nìkan ni wọ́n san.

Ìkúnlẹ̀ yẹn ló ń dùn mí jù, torí ẹ̀tọ́ mi ni kí wọ́n ti sọ fún mi ṣáájú ọjọ́ yẹn. Abala 11 nínú Òfin Òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ní ẹni tó bá ti lo ọdún 5 sókè, oṣù 1 gbáko ni kí wọ́n fi tó o létí ṣáájú. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 5 ṣùgbọ́n tó ti pé 2, ọ̀sẹ̀ 2 ni tirẹ̀. Bí ọ̀gá kò bá fẹ́ rí wa mọ́, kí ó san owó àkókò náà. Ká ní mo rí oṣù kan yẹn ni, ǹ bá ti bẹ olórí èsúsú wa kí n tètè kó o, ǹ bá sì ti wáṣẹ́ dé gbogbo iléeṣẹ́ àdúgbò yẹn.

Owó tó yẹ kí wọ́n fi sìn wá sọ́nà ló tún le jù. Abala 20 ní bí òṣìṣẹ́ bá pọ̀ ju iṣẹ́ lọ, kí wọ́n sọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, kí ẹni tó dé kẹ́yìn kọ́kọ́ lọ bí iṣẹ́ ọwọ́ bá dọ́gba, kí ọ̀gá sì sa ipá rẹ̀ láti dúnàádúrà lórí owó. Ọmọ tó gbé kúlà mi jáde kò tíì lò ju oṣù 8 lọ. Mi ò bínú sí i rárá. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wọn ipá tí ọ̀gá sà? Abala yìí kan náà fún mínísítà lágbára láti sọ owó náà di dandan. Kí ó lo agbára náà: owó oṣù 1 fún ọdún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n san án kí wọ́n tó ti géètì. Ọdún 9 tèmi, owó oṣù 9.