Orúkọ tí à ń bèèrè: ẹnà fún DNS nínú ilé wa

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kò jọ ìtàn àti àṣà tí a sábà máa ń jíròrò níbí, ṣùgbọ́n ẹ fi sùúrù bá mi dé ìdí rẹ̀.

Ilé oníyàrá púpọ̀ ni mò ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni gbogbo àwa ayálégbé ń dáwó sí lóṣooṣù, ọmọ onílé ni ó sì ń bójú tó o. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí iná ti lọ, tí gbogbo wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kọjú sí obìnrin kan láàárín wa, ó ní, “Àǹtí mi, gbogbo ìkànnì ilé ìwòsàn àwọn tó ń wọ́mọ ni ẹ ti kà tán o! Olúwa á ṣe é.” Àdúrà ni ó pè é. Gbogbo wa ṣe àmín. Obìnrin náà kò ṣe é; ó dìde, ó wọlé. Nígbà tí mo rí i lọ́jọ́ kejì ni ó tó sọ fún mi pé ọkọ òun pàápàá kò tíì mọ̀ pé òun ti ń wá ìtọ́jú kiri.

Báwo ni ọmọ náà ṣe mọ̀? Kò jí fóònù ẹnikẹ́ni, kò sì wọ inú kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni. Àkọsílẹ̀ tí ẹ̀rọ router ń ṣe fúnra rẹ̀ ni ó kà. Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n orúkọ ni àwa ènìyàn mọ̀ ọ́n pè. Nítorí náà ni Paul Mockapetris ṣe gbé ètò DNS kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1983: bí a bá tẹ orúkọ ìkànnì kan, kọ̀ǹpútà wa yóò kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ mìíràn pé, “Kí ni nọ́ńbà onílé yìí?” kí ó tó lè lọ síbẹ̀. Ní ayé ìgbà náà, kò sí ẹni tí ó ro pé ó yẹ kí a bo ìbéèrè yẹn. Ní gbangba ni ó ń lọ, ní gbangba ni ìdáhùn rẹ̀ sì ń padà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú ìlú wa ṣàlàyé rẹ̀. Bí àlejò kan bá dúró ní òpópónà Fọlágbadé tí ó ń kígbe bèèrè ilé oníṣègùn, ó lè dé ọ̀hún kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó sì sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Gbogbo àdúgbò ṣáà ti mọ ibi tí ó ń lọ. Àmì kọ́kọ́rọ́ tí a ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìkànnì ni ilẹ̀kùn tí a tì. DNS àtijọ́ ni igbe tí a ké ní ìta.

Ní ọdún 2016 ni wọ́n tẹ ìlànà àkọ́kọ́ jáde tí ó ń jẹ́ kí ìbéèrè DNS gba inú ọ̀nà tí a tì kọjá. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní DNS over HTTPS, tẹ̀ lé e ní 2018. Kí ni kí a máa pè é ní Yorùbá? Ọ̀rẹ́ mi kan ní àrokò ni. Mo lóye ohun tí ó rò, pàápàá ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, nítorí àrokò tí Awùjalẹ̀ fi ránṣẹ́ sí Ọba Èkó wà lára àwọn tí wọ́n ṣàlàyé fún àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ṣùgbọ́n mi ò gbà fún un. Ohun tí ojú ń rí ni àrokò: owó ẹyọ, ìyẹ́, èso igi, tí a fi dúró fún ọ̀rọ̀. Ẹnà ni tiwa yìí. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, “mo fẹ́ lọ” a máa di “mogo fẹ́gẹ́ lọgọ”, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ẹnà yóò kàn máa wo ẹnu wa ni. Ọ̀rọ̀ náà ni a sọ, etí mìíràn ni kò lè tú u. DNS ẹlẹ́nà ni èmi yóò máa pè é.

Ṣíṣe rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Lórí Windows 11, ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Network & internet, ẹ yan Wi-Fi, lẹ́yìn náà Hardware properties. Níwájú DNS server assignment, ẹ tẹ Edit, ẹ yan Manual, kí ẹ tan IPv4. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹni tí ẹ fẹ́ kí ó máa dá yín lóhùn, bí àpẹẹrẹ 9.9.9.9, kí ẹ sì tan DNS over HTTPS tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gbàgbé èyí tí ó kẹ́yìn yìí, igbe ni ẹ ṣì ń ké, ẹni tí ẹ ń ké sí nìkan ni ó yí padà. Lórí fóònù Android, Private DNS ni ẹ ó wá, dns.quad9.net ni ẹ ó kọ síbẹ̀.

Ṣé àṣírí wa ti wá bò pátápátá? Rárá o. Ẹni tí ó ń dáhùn ṣì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Cloudflare ni ó ni 1.1.1.1, Google ni ó ni 8.8.8.8, ilé iṣẹ́ ńlá ti Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì. Quad9, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Switzerland láti 2021, kì í ṣe òwò jẹun, ìdí nìyẹn tí èmi fi yàn án. Bí ẹ bá ka ìlérí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tí ẹ yan òmíràn, a kò ní jà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nígbà tí kọ̀ǹpútà wa bá dé ẹnu ọ̀nà ìkànnì, ó sábà máa ń dárúkọ rẹ̀ ní gbangba lẹ́ẹ̀kan sí i kí wọ́n tó tilẹ̀kùn, alágbára tí ó bá lúgọ síbẹ̀ yóò gbọ́. Ìdí nìyẹn tí DNS ẹlẹ́nà nìkan kò fi tó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bi mí nípa rẹ̀ nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fi dí Twitter láti oṣù Kẹfà 2021 sí oṣù Kìn-ín-ní 2022. VPN ni ọ̀pọ̀ ènìyàn lò nígbà náà. Router ọmọ onílé kì í ṣe ìjọba, àkọsílẹ̀ DNS nìkan ni ó ń kà.

Àwọn òbí kan yóò bínú sí mi, nítorí DNS ni wọ́n fi ń dí ìkànnì burúkú mọ́ àwọn ọmọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ẹnà yìí lè fo odi wọn. Ṣùgbọ́n 1.1.1.3 tí Cloudflare gbé jáde ní 2020 ń ṣe méjèèjì pọ̀: ó ń dí ìkànnì ìṣekúṣe, ó sì gbọ́ ẹnà. Àwọn tí ń sọ pé ẹni tí kò ṣe ibi kò ní ohun tí yóò fi pamọ́ ni n kò lè fara mọ́. Ibi wo ni obìnrin yẹn ṣe? A kì í torí pé a kò jalè kí a máa wẹ̀ ní ojú títì. Abala 37 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 pàápàá dáàbò bo àṣírí ilé àti ìwé tí ọmọ Nàìjíríà ń kọ, kò sì bèèrè bóyá ó ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn.

Mo bá obìnrin náà ṣe kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e. Nígbà tí mo parí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: ṣé ti àtẹ̀yìnwá ti parẹ́? Mo ní kò parẹ́, ó wà nínú router. Àwa méjèèjì lọ bá ọmọ onílé. Ó kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí ó wo ojú Àǹtí rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó sì pa gbogbo àkọsílẹ̀ náà rẹ́ lójú wa.