Orlando Owoh: Káfíńtà Tó Gbé Ayùn Sílẹ̀, Tó Gbá Ìlù Mú

Ará Ọ̀wọ̀ ní ọmọ àwọn ni, ará Ifọ́n l'Ọ́sẹ̀ ní irọ́ ni, tàwọn ni. Kò sẹ́ni tó jẹ̀bi: Ifọ́n ni bàbá rẹ̀ ti wá, ọmọ Ọ̀wọ̀ sì ni ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n Òṣogbo ni wọ́n bí Stephen Ọládipúpọ̀ Owómóyèlà sí lọ́dún 1932.

Kì í ṣe ọmọ ìsáǹsá tó kàn gba ìdí ìlù lọ o. Káfíńtà ni, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló ń jẹ. Ó ti tó ẹni ọdún 26 lọ́dún 1958 kí ẹgbẹ́ òṣèré Kọ́lá Ògúnmọ́lá tó gbà á, pé kó wá máa lùlù, kó máa kọrin. Ẹ sì mọ̀ pé alágbe ni wọ́n ń pe olórin láyé ọjọ́un! Nígbà tó di 1960, ó dá Omimah Band tirẹ̀ sílẹ̀.

Ibi tó ti gbóyà jù ṣì wà níwájú. Ogun abẹ́lé, 1967 sí 1970, tú háíláìfù ká l'Ékòó. Ọ̀pọ̀ olórin tó jẹ́ Ìgbò ti sá padà sílé. Jùjú Ebenezer Obey àti Sunny Adé gba òde. Ọlọ́jà mìíràn ì bá ti pààrọ̀ igbá. Orlando kọ̀. Ó kàn bu jùjú díẹ̀ mọ́ háíláìfù rẹ̀ ni, ó sì fi ohùn rẹ̀ tó há yẹn kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohùn náà ló sì tajà fún un: rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ lé ní 40.

Omimah di Young Kenneries, ó tún di African Kenneries. Ọjọ́ 4 oṣù kọkànlá 2008 ló kú, l'Ékòó, lẹ́ni ọdún 76.