Mẹkáníìkì Kọ́kọ́, Kí Ajá Tó Dé

 

Ọmọ wa kan tó ń gbé ní Àgége, tó ń ṣiṣẹ́ ní fáktírì kan lójú ọ̀nà Ọba Akran n'Íkẹjà, wá bá mi lóṣù tó kọjá. Owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó fi fọ́tò ọkọ̀ méjì hàn mí nínú fóònù. Èkíní jẹ́ jíìpù tòkunbọ̀ ńlá tó ti dàgbà, owó ọwọ́ rẹ̀ ká a. Èkejì jẹ́ ọkọ̀ kékeré tuntun, irú Kia Picanto tàbí Suzuki S-Presso. Ìyẹn, yóò san díẹ̀, yóò máa san ìyókù lóṣooṣù. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi bi Ifá. Mo ti ra ajá Ògún sílẹ̀."

Mo dá Ifá fún un. Ifá fọre. Ṣùgbọ́n Ifá ò dárúkọ kọ̀ǹpáǹnì ọkọ̀ kankan fún mi o! Mo ní kó so ajá mọ́lẹ̀ ná, kó lọ mú mẹkáníìkì.

Ó yà á lẹ́nu. Mo wá sọ tèmi fún un. Ní 1998, mo ra tòkunbọ̀ kan. Mo bọ Ògún dáadáa: ajá, iṣu sísun, epo, ẹmu. Oṣù kẹta, gíà kú. Ògún kọ́ ló jẹ̀bi. Èmi ni mo ṣahun owó mẹkáníìkì. Alágbẹ̀dẹ àtijọ́ ni mẹkáníìkì òde òní, ọmọ Ògún ni wọ́n. Ẹni tó kọ etí ikún sí wọn, Ògún ló kọ etí ikún sí.

Nígbà tí mẹkáníìkì gbé káàpẹ́ẹ̀tì jíìpù náà sókè, ẹrẹ̀ gbígbẹ ló bá lábẹ́ rẹ̀, irin ìjókòó sì ti dípẹtà. Ọkọ̀ tí omi ti mù lókè òkun ni. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n kùn ún, wọ́n gbé e wá fún wa.

Nítorí náà, ẹ gbọ́ o. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ gbé káàpẹ́ẹ̀tì, ẹ gbóòórùn inú rẹ̀, kí ẹ rí i pé nọ́ńbà 17 tó wà lára ṣáásì bá ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu. Tó bá jẹ́ tuntun, ẹ gba wáráńtì lákọsílẹ̀, ẹ béèrè ibi tí ẹ ó ti máa ṣe sáfíìsì. Ẹ béèrè ní Ládípọ̀ bóyá páàtì rẹ̀ wà, àti iye tó jẹ́. Ẹ wo bí abẹ́ rẹ̀ ṣe ga sí, torí kòtò àdúgbò wa. Kí ẹ sì ṣírò epo. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo lóṣù karùn-ún 2023, tí lítà kan fi kúrò lábẹ́ 200 náírà, tó di 488 ní Èkó láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹ́ńjìnì ńlá ti di ẹnu tó ń jẹun nínú ilé. Ẹ́ńjìnì kékeré ni ti Picanto àti S-Presso.

Ẹ má sì tijú ọkọ̀ kékeré. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ̀yin àgbà rántí Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní ọ̀nà Badagry ní 1975. Tíṣà ń gùn ún, dókítà ń gùn ún, kò sẹ́ni tó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọ wa àti ìyàwó rẹ̀ jókòó, wọ́n ka owó oṣù, wọ́n yọ owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ àti oúnjẹ kúrò kí wọ́n tó wo iye tí wọ́n lè san. Ọkọ̀ kékeré ni wọ́n mú. Mẹkáníìkì yẹ̀ ẹ́ wò tinú-tòde. Lẹ́yìn náà la wá tú ajá.

Ògún ò ní mu ẹ̀jẹ̀ wa o. Ọ̀nà á dán fún gbogbo wa. Àṣẹ.